Ọkà Loògùn: Ìtàn Ìyàngbò Tí A Dànù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Bóyá ni a lè rí ọmọ Yorùbá kan tí a tọ́ nílé tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Púpọ̀ nínú wa ni ó kà á sí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lásán, ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó fẹ́ràn iyán fi ń gbé iyán ga. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí gbólóhùn kejì ti ń jẹ mí lọ́kàn. Kí ni ó dé tí àwọn àgbà fi pe ọkà, èyí tí a mọ̀ sí àmàlà lónìí, ní oògùn? Àrùn wo ni ó ń wò? Bí oúnjẹ bá sì lè jẹ́ oògùn lóòótọ́, ta ni yóò wọn ìwọ̀n rẹ̀ fún wa: ìyá wa nídìí ààrò ni, tàbí dókítà nílé ìwòsàn, tàbí ẹni tí ó ń polówó ọjà rẹ̀ nínú ọkọ̀ akérò?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń ta ata fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ ní ọjà Máìlì Kejìlá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, ní Èkó. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ti ń dé ìdí apẹ̀rẹ̀ ata wọn, wọn kì í sì í dìde níbẹ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ara wọn ń tóbi sí i. Àwọn oníbàárà a máa yìn wọ́n pé owó ti dé, ara sì ti gbà á. Inú àwa ẹbí náà a máa dùn. Àfi ọjọ́ tí dókítà kan yẹ̀ wọ́n wò, tí ó sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti kọjá ààlà, àti pé ìwọ̀n ara wọn ti pọ̀ ju ohun tí orúnkún wọn lè gbé lọ. Ó fún wọn ní oògùn, ó sì ní kí wọ́n dín ara kù.

Nígbà tí wọ́n wá bá mi nílé ní Kétu, tí wọ́n ń bínú pé dókítà fẹ́ fi ebi pa wọ́n, èmi ni mo fi òwe yẹn tù wọ́n nínú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Oúnjẹ ilé wa kò burú. Ṣebí ọkà loògùn?" N kò mọ̀ pé wọn yóò di ọ̀rọ̀ náà mú bí ìwé àṣẹ. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n ti ra èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó sọ pé ó ń fọ ọ̀rá kúrò lára, wọ́n sì ti pa oògùn dókítà tì. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ tọ ipasẹ̀ òwe náà padà, kí n lè mọ ibi tí òtítọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó pin sí.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni ohun tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń pè ní fáíbà. Apá kan ni lára ohun ọ̀gbìn, tí ẹnu ń jẹ, ṣùgbọ́n tí ikùn kò lè dà. Ìyàngbò ọkà wà lára rẹ̀. Èèpo ẹ̀wà wà lára rẹ̀. Fọ́nrán inú iṣu àti ẹran inú ọsàn wà lára rẹ̀. Yíyọ̀ tí ewédú àti ilá ń yọ̀ pàápàá, ara rẹ̀ ni. Nítorí pé ikùn kò lè dà á, ìwọ̀nba díẹ̀ ni agbára tí ara ń rí nínú rẹ̀ tí ó lè di ọ̀rá. Ó ń gba àyè nínú ikùn, ó ń mú kí ènìyàn tètè yó, ó ń mú kí ṣúgà inú oúnjẹ yòókù rọra wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń mú kí ìgbọ̀nsẹ̀ rọrùn. Èyí tí ó bá dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé níbẹ̀ a máa fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe oúnjẹ tiwọn, èyí tí ó sì ń ti ibẹ̀ jáde a máa ṣe ara ní àǹfààní.

Ẹ jẹ́ kí a má purọ́ fún ara wa: àwọn baba ńlá wa kò jẹ gbogbo ìyàngbò tí ó ti oko wọn wá. Ẹ̀kọ tí a ń jẹ, sísẹ́ ni a ń sẹ́ ògì rẹ̀. Eèrí tí ó bá kù nínú asẹ́, ewúrẹ́ ni ó ni ín. Àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, bíbó ni a ń bó ẹ̀wà wọn. A ń bẹ iṣu kí a tó gún un, a sì ń bẹ ẹ́ kí a tó sá a fún èlùbọ́. Bí ó bá jẹ́ pé òkèlè nìkan ni a óò wò, kò sí ìdí pàtàkì tí a óò fi máa fi oúnjẹ wọn ṣe àpẹẹrẹ. Ètò oúnjẹ náà lódindi ni ó ṣe pàtàkì. Ẹ̀fọ́ kì í wọ́n ní àyíká ilé: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewúro, ewédú, ilá. Wọ́n ń se ẹ̀wà tòun tèèpo rẹ̀, wọ́n sì ń pò ó mọ́ àgbàdo ní àdàlú. Wọ́n ń jẹ èso tí ó bá pọ́n lójú ọ̀nà oko. Gúgúrú pàápàá, èyí tí òwe náà fi ṣe ẹlẹ́yà, odindi hóró àgbàdo ni, kò sí ìyàngbò kankan tí a bọ́ kúrò lára rẹ̀. Àti pé ọ̀nà oko jìn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn ín.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń jẹ nǹkan wọ̀nyí nítorí kí ó lè fọn. Ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù ni rírù. Ní ilẹ̀ tí ogun ti fọ́ oko, tí ọ̀dá sì máa ń dé, ẹni tí ó bá rù, àìsàn ni ó ń ṣe é tàbí ebi ni ó ń pa á. Ẹni tí ó bá sanra ni ẹni tí ayé yẹ. Ìyàwó tí ó bá dé ilé ọkọ tí ara rẹ̀ kò gbà á, ìdílé ọkọ ni a óò bi pé kí ni wọ́n ń fún un jẹ. Nítorí náà, nígbà tí àwọn oníbàárà ń yin ẹ̀gbọ́n mi nítorí ara wọn tí ó ń tóbi, wọn kò ṣe àìdáa. Èdè tí a bá lẹ́nu àwọn àgbà ni wọ́n ń sọ. Èdè náà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ewu àìrí-jẹ. Ọ̀rọ̀ fún ewu àjẹjù nínú rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí pé àwọn tí àjẹjù lè pa ní ìgbà náà kò pọ̀.

Báwo wá ni ìyàngbò ṣe kúrò nínú àwo wa? Èkó ni a óò ti wo ìtàn náà. Ní ọdún 1913, ọmọ Jàmáíkà kan tí ń jẹ́ Amos Shackleford wá ṣe iṣẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ rélùwéè ní Nàìjíríà. Ní 1921, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó, iṣẹ́ náà sì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní ọba oníbúrẹ́dì. Búrẹ́dì rọrùn fún ìgbésí ayé ìlú ńlá: kò fẹ́ iná, kò fẹ́ ọbẹ̀, akọ̀wé lè jẹ ẹ́ ní ìdúró kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Ní 1960 ni a dá ilé-iṣẹ́ Flour Mills of Nigeria sílẹ̀, ní 1962 sì ni ọlọ rẹ̀ ní Àpápá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà. Ìyẹ̀fun funfun ni irú ọlọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún búrẹ́dì. Ìyàngbò àlìkámà náà a di oúnjẹ adìyẹ àti màlúù. Ẹ ó rí i pé ohun kan náà ni a ti ń ṣe fún ewúrẹ́ nídìí ògì. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé asẹ́ ìyá kan kò lè sẹ́ oúnjẹ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọlọ ńlá lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Owó epo rọ̀bì tí ó wọlé ní àwọn ọdún 1970 ni ó wá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Àlìkámà àti ìrẹsì funfun ń ti òkè òkun wá ní ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù. Ìrẹsì tí ó jẹ́ oúnjẹ ọjọ́ ọdún tẹ́lẹ̀ di ti ojoojúmọ́. Ní 1985, Gunilla Andræ àti Björn Beckman tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní The Wheat Trap, láti fi hàn pé Nàìjíríà ti kẹ́sẹ̀ bọ pàkúté àlìkámà tí ìgbẹ́sẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ kò ní rọrùn. Òótọ́ ni. Ìjọba ológun fi òfin de kíkó àlìkámà wọlé láti 1987. Búrẹ́dì wọ́n, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn ará ìlú kò kúrò lára rẹ̀. Ní 1992, a gbé òfin náà kúrò. Ìrẹsì Ọ̀fadà, tí a kì í họ èèpo inú rẹ̀ tán, di ohun tí àwọn ọ̀làjú ń yọ ṣùtì sí nítorí òkúta àti òórùn rẹ̀. Ó wá kù sí ọwọ́ àwọn ọlọ́jọ́ ayẹyẹ láti gbé e padà, nínú ewé eéran, pẹ̀lú ata dúdú, ní iye tí ó ju ti ìrẹsì funfun lọ.

Kí a lè mọ bí ohun tí a pàdánù ti tó, ẹ jẹ́ kí a fi oúnjẹ méjì wé ara wọn. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà tí a sè tòun tèèpo rẹ̀, fáíbà máa ń tó bíi gíráàmù 6. Nínú 100 gíráàmù ìrẹsì funfun tí a sè, kì í pé gíráàmù 1. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí àgbàlagbà máa jẹ, ó kéré tán, gíráàmù 25 lójúmọ́. Ẹni tí ó jẹ búrẹ́dì funfun láàárọ̀, tí ó jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án, tí ó sì fi ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ata lásán sùn, lè yó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ kí ó má sì dé ìdajì iye yẹn.

Apá tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni pé inú ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn dókítà òyìnbó kan ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi gbé fáíbà ga lójú ayé. Orúkọ náà gan-an ti wà; Hipsley lò ó nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1953. Ṣùgbọ́n Hugh Trowell àti Denis Burkitt ni wọ́n sọ ọ́ di ìkéde. Trowell ti dé Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láti 1929, Burkitt sì dé Yùgáńdà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala. Ní 1960, Trowell kọ ìwé kan nípa àwọn àrùn tí kì í ràn ní ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì to àwọn àìsàn tí ó wọ́pọ̀ ní ìlú òyìnbó, ṣùgbọ́n tí wọn kì í sáábà rí lára àwọn aláìsàn tiwọn. Nígbà tí Burkitt padà sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1966, ó pàdé ọ̀rọ̀ Cleave, dókítà ọmọ ogun ojú omi kan, tí ó sọ pé ṣúgà àti ìyẹ̀fun funfun ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀ àìsàn ọ̀làjú. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí. Ìyá Yorùbá wo ni kò tíì fi jẹ̀díjẹ̀dí dẹ́rù ba ọmọ tí ó ń lá ṣúgà?

Ní 1972, Burkitt, Walker àti Painter tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Wọ́n wọn bí oúnjẹ ti ń pẹ́ tó nínú ikùn kí ó tó jáde, wọ́n sì wọn ohun tí ó jáde. Láàárín àwọn ará abúlé ní Áfíríkà, nǹkan bí ọjọ́ kan àbọ̀ ni. Láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ ìyẹ̀fun funfun, ó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ohun tí ó ń jáde kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ará abúlé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí àwọn ará Yùgáńdà ń pè ní matooke, tí ó jẹ́ ìbátan ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiwa, ni olórí oúnjẹ àwọn Baganda tí ó yí Mulago ká. Báyìí ni ohun tí ń bẹ nínú ìfun ará oko Áfíríkà ṣe di ẹ̀kọ́ fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Ní àwọn ọdún kan náà, àwa ní tiwa ń tò síwájú ilé búrẹ́dì.

A kò gbọdọ̀ ṣàìsọ pé àwọn onímọ̀ mìíràn tako Burkitt, wọ́n sì ní ẹjọ́ rere. Ará abúlé àti ọmọ ogun ojú omi yàtọ̀ sí ara wọn ní ọ̀nà púpọ̀ ju ti ìyàngbò lọ: iṣẹ́ wọn yàtọ̀, ọjọ́ orí wọn yàtọ̀, iye oúnjẹ wọn yàtọ̀. A kò lè fi gbogbo ìyìn fún ohun kan ṣoṣo. Ẹ̀rí tí ó lágbára jù ú lọ dé lẹ́yìn náà. Ní 1997, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn dókítà Ìbàdàn wà lára wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ibi méje, láti Nàìjíríà títí dé erékùṣù Karíbíà àti Maywood lẹ́bàá Chicago. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára 16 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní Karíbíà, 33 ní Maywood. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń gòkè láti ibì kan dé ibì kejì ni ìwọ̀n ara náà ń gòkè. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó wà lára wọn. Ilé, iṣẹ́ àti àwo oúnjẹ ni ó yí padà. Ní 2008, Amy Luke àti àwọn mìíràn fi àwọn obìnrin oko ní Nàìjíríà wé àwọn obìnrin dúdú ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé, bí a bá ti yọ ti ìwọ̀n ara kúrò, agbára tí ara wọn ń ná lójúmọ́ kò yàtọ̀. Èyí dí ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wa ń gbà sá àsálà, pé nítorí a kò roko mọ́ nìkan ni a ṣe ń sanra. Ohun tí a ń jẹ wà nínú ẹjọ́ náà.

Ní 2019, ìwé ìròyìn Lancet kan náà gbé ìwádìí kan jáde tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀ ní ọwẹ̀, tí Andrew Reynolds, Jim Mann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní New Zealand àti Scotland ṣe. Wọ́n kó ìwádìí 185 tí ó tẹ̀ lé àwọn ènìyàn fún ọdún púpọ̀ jọ, pẹ̀lú 58 tí a ti yí oúnjẹ àwọn ènìyàn padà láti wo àbájáde rẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn tí ń jẹ fáíbà púpọ̀ ń pẹ́ láyé jù, àti pé ara àwọn tí a fi kún fáíbà wọn fúyẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n fífúyẹ́ náà mọ níwọ̀n. Kò sí ẹni tí ó ti ibi ẹ̀wà jíjẹ nìkan di ẹlòmíràn láàárín oṣù kan.

Ibi tí ìwọ̀n yìí wà ni ọjà ti gba wọlé. Ní Jàpáànì, láti 1984 ni ìjọba ti ń ná owó lórí ìwádìí oúnjẹ tí ó ń ṣe ju kí ó bọ́ ara lọ. Ní 1991, wọ́n ṣe ìlànà tí oúnjẹ bẹ́ẹ̀ fi lè gba àmì ìjọba lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí létí Yorùbá yóò sọ pé ọkà loògùn náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti yọ àyẹ̀wò kúrò, ohun tí ó kù kò ju ìpolówó lọ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan mú gọ́ọ̀mù tí a ń rí lára hóró ewébẹ̀ kan tí ń jẹ́ guar, wọ́n rọ ọ́ sínú hóró oògùn, wọ́n pè é ní Cal-Ban 3000, wọ́n ní yóò máa wú nínú ikùn kí ebi má baà pa ènìyàn. Ó wú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun ni ó ti wú mọ́ àwọn kan lára, tí wọ́n fi dèrò ilé ìwòsàn. Ní 1990, ìjọba kó o kúrò lórí àtẹ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Fáíbà kan náà, bí ó bá wà nínú ẹ̀wà àti ilá, oúnjẹ ni. Bí a bá fà á yọ tí a sì kì í sínú hóró oògùn láìsí omi àti láìsí òye, ó lè di ewu.

Èyí gbé mi padà sí Máìlì Kejìlá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí fáíbà Èkó ti pọ̀ tó kò nílò ìwé. Kí ó lọ dúró ní etí títì Ìkòròdú ní ìdájí, kí ó wo àwọn ọkọ̀ tí ń ti òkè Ọya dé pẹ̀lú ata, tòmátì, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà. Kí ó wá ti ibẹ̀ kọjá sí ọjà èso ní Ìkòsí, níbi tí ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ ti ń ga bí òkìtì. Láti 1980 tí a ti dá ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ sílẹ̀, ìlú ti kún yí ọjà wọ̀nyí ká. Oúnjẹ tí ó lè mú ara wa fúyẹ́ wà níbẹ̀ ní òkìtì òkìtì. Kí ni kò jẹ́ kí ó dé inú àwo wa?

Àlàáfíà wà lára rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa lórí ọjà náà ní Kétu àti Máìlì Kejìlá, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn tí ń kó oúnjẹ láti òkè Ọya dá ọkọ̀ wọn dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ata àti àlùbọ́sà sì gbówó lórí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí a ń pè ní oúnjẹ ilé wa, àlùbọ́sà ẹni tí kò gbọ́ èdè wa ni ó wà nínú rẹ̀. Owó náà wà lára rẹ̀. Létí mi, orúkọ Kòsọ́fẹ́ máa ń dún bíi "kò sí ọ̀fẹ́", mo sì rò pé ó bá ọjà náà mu. Gàárì ń yóni ju ẹ̀fọ́ lọ ní iye owó kan náà. Bí dókítà bá sọ fún aláìní pé kí ó dín òkèlè kù kí ó sì fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso kún un, owó ni ó ń ní kí ó wá. Ó yẹ kí àwa tí ń kọ ìwé rántí èyí kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ènìyàn wí nítorí àwo rẹ̀.

Ìwà wa náà sì wà lára rẹ̀. Mo dúró lọ́jọ́ kan níwájú ọlọ́sàn kan ní Ìkòsí. Ó fi ọ̀bẹ bó ọsàn fún mi ní bíbó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó dà bí iṣẹ́ ọnà, ó gé orí rẹ̀. Mo fa omi inú rẹ̀ mu, mo sì sọ ìyókù sínú agbọ̀n pàǹtí, bí mo ti ń ṣe láti kékeré. Agbọ̀n náà ti kún. Gbogbo ẹran inú ọsàn ni ó wà níbẹ̀, ohun náà gan-an tí ẹ̀gbọ́n mi ń san owó fún nínú ọ̀rá lọ́dọ̀ olóògùn.

Mo ti ṣèlérí láti sọ ibi tí òwe náà já sí fún wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀gbọ́n mi kò lè ka owó tí oníbàárà fi lé wọn lọ́wọ́ mọ́. Ojú wọn ń ṣe bàìbàì, òùngbẹ kò sì fi wọ́n sílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tí ó pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ó pè mí. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga dé ibi tí nọ́ọ̀sì fi tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn ní gbogbo òru, ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Kétu sì ń dún padà sí mi létí. Ní ìdájí, wọ́n jí, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àbúrò mi, ṣebí ìwọ ni o ní ọkà loògùn?" N kò rí èsì fọ̀.

Dókítà obìnrin tí ó tọ́jú wọn kò fi èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ó bi wọ́n léèrè pé òkèlè mélòó ni wọ́n ń jẹ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì júwe rẹ̀. Ó tó orí ọmọ ìkókó. Dókítà ní, "Màámi, oúnjẹ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sá a, tí a lọ̀ ọ́ kúnná, tí a sì rò ó, ṣúgà ṣì ń ti inú rẹ̀ wá. Ẹ jẹ ẹ́ bí oúnjẹ, kí ẹ sì lo oògùn bí oògùn." Ó ní kí wọ́n dín òkèlè kù sí ìwọ̀n ìkúùkù kan, kí ìdajì àwo jẹ́ ẹ̀fọ́, kí epo inú rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí ẹ̀wà rọ́pò ìrẹsì ní ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa mu omi dáadáa, kí wọ́n sì máa fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀. Ó ní bí ẹni tí ó sanra bá dín ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá kù nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru a máa gbọ́ràn sí oògùn lẹ́nu.

Ọdún kan gbáko ni ó gbà kí kílò mẹ́fà tó kúrò lára wọn. Ojú wọn ti mọ́lẹ̀ padà, wọ́n sì ń lo oògùn wọn. Àwọn oníbàárà kan ń bi wọ́n pé ṣé kò sí o, pé wọ́n ti rù. Wọ́n a dá wọn lóhùn pé, "Mo ń dín ẹrù kù ni."

Èrò mi lórí òwe náà ti yí padà. Ọkà kì í ṣe oògùn nítorí ohun kan tí ó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Bí àwọn àgbà bá tilẹ̀ fi ẹ̀fẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lú ewédú, lẹ́yìn ọ̀nà oko, ní ìwọ̀n tí oko fún wọn. Ipò tí oúnjẹ wà nínú àwo, àti ohun tí ó lé kúrò níbẹ̀, ni ó ń sọ ọ́ di oògùn. A ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì: a kọ́kọ́ da ìyàngbò nù bí ohun tí kò wúlò, lẹ́yìn náà a tún rà á padà bí ohun tí ó lè ṣe iṣẹ́ ìyanu. N kò tún fi òwe tu aláìsàn nínú mọ́ láì kọ́kọ́ bi í pé ṣé ó ti lo oògùn rẹ̀. Bí mo bá sì ra ọsàn ní Ìkòsí, mo máa ń jẹ ẹ́ tòun tẹran inú rẹ̀.